Adìẹ Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

“Alhaja, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ níta. Bí àbúrò mi yìí bá se adìẹ kọ́rì ní Ìlárò níbí, àwọn ará Kútọnu ti ń fọ ọwọ́ sílẹ̀. Òde kan tí wọ́n pè é sí ní Ìdí-Ìrókò, adìẹ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n kó fún un láàyè, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ gbá a lójú. Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló fi sè wọ́n tán! Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, itan rẹ̀ ti wà lẹ́nu àlejò, ọrùn rẹ̀ ṣì ń kọ kòkòrókòòò nínú ìkòkò!”

Kòkúmọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ọlọ́kadà Ìdí-Ìrókò, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń wọlé kí alùpùpù rẹ̀ tó yọ ní kọ̀rọ̀. Òun ni alárinà. Ìyá rẹ̀ àti ìyá Ridwánù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí náà nígbà tí Ridwánù rí ọmọ tí yóò fẹ́, Kòkúmọ́ ni ẹbí ní kó ṣáájú. Bí wọ́n bá rán ewúrẹ́ lọ ṣọ́ ẹ̀gẹ́, ìyẹn ì bá tún sàn díẹ̀.

Ridwánù fúnra rẹ̀ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọkọ ìyàwó kì í la ẹnu níwájú àna nígbà tí alárinà bá wà ní ìjókòó, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé nìyẹn. Ó kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kí ilẹ̀ ya, kó gbé ẹnì kan mì. Kò ní kó gbé òun mì o. Ó mọ ẹni tó ń dárúkọ.

“Ìṣẹ́jú mélòó lo wí?” Alhaja Mùínátù, ìyá ọmọ, béèrè. Òun ló ni ilé oúnjẹ ńlá tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀jà-Ọ̀dàn, ibi tí ata rẹ̀ ti mú awakọ̀ tírélà gbàgbé ìlú tó ń kó ẹrù lọ.

“Mẹ́rin, Alhaja. Mo tilẹ̀ fi kún un ni, torí kí ẹ lè gbà mí gbọ́. Méjì ààbọ̀ ni.”

Alhaja bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wo Kòkúmọ́ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹja tó ti ń yí.

“Ó dáa. Mi ò ní kó se mẹ́tàlélọ́gọ́rin fún mi. Ọ̀kan ni. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, èmi fúnra mi á mú adìẹ kan fún un láàyè. Bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sè é, kó máa mú Toheebat lọ. Bí ìṣẹ́jú karùn-ún bá bá a nídìí ààrò, kí n má rí ẹsẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́ títí ayé.”

Kọ́tìnì ìyẹ̀wù mì. Ridwánù gbé ojú sókè díẹ̀, ó rí ojú kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, omi sì ti kún inú rẹ̀. Ojú Toheebat ni.

*

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí!”

Wọn ò tíì rìn dé ìdí alùpùpù tí Ridwánù fi bú jáde. Ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá mẹ́ta fi já lulẹ̀ lára ògiri.

“Kí ni mo ṣe? Ṣé mi ò polówó ẹ ni?”

“Kí ni mo ní kí ẹ sọ? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́! Mo ní kí ẹ sọ fún wọn pé mo máa ń bọ adìẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú. Pé bí oníbàárà bá ti jókòó báyìí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù!”

“Ṣé ìwọ náà rí i? Mẹ́rin náà ni mo sọ!”

“Adìẹ láàyè, ẹ̀gbọ́n! Ká tó dú u, ká tó tu ìyẹ́ rẹ̀, ká tó kun ún!”

“Àwọn yẹn ni mo gé kúrò. Ta ló ń sọ̀rọ̀ fìríìjì nílé àna? Ṣé fìríìjì lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ọmọ?” Kòkúmọ́ gun alùpùpù rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. “Fọkàn balẹ̀, mesié, ọ̀gá wa. Mo máa padà lọ ṣàlàyé fún Alhaja kí Jímọ́ọ̀ tó pé. Èmi alárinà ni mo so ó, èmi náà ni n ó tú u.”

Ohun tí Kòkúmọ́ kò mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ irọ́ nílé Alhaja. Bàbá Toheebat, kí Ọlọ́run foríjì í, sọ fún un nígbà èwe wọn pé òun ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tó ń ná Kútọnu. Alhaja gbà, ó fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó ló rí ọkọ̀ akẹ́rù náà lẹ́yìnkùlé: ọmọlanke kan, táyà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti jò. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi bá a gbé nídìí ọmọlanke yẹn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá parọ́ ní Ìbẹ̀sè, imú Alhaja á máa yún un ní Ìlárò.

*

Oṣù méje ṣáájú ni Ridwánù kọ́kọ́ rí Toheebat, ní oko adìẹ kan ní Jóga-Orílé. Ayétòrò ni Ridwánù ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń se oúnjẹ tà. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún gbáko ló fi ṣiṣẹ́ nínú kíṣìnì àwọn ará Íńdíà kan ní Kútọnu, ibi tí àlùbọ́sà tó ń gé lóòjọ́ ti pọ̀ tó láti mú odindi ìlú sunkún òkú tí kò kú.

Ó lọ ra adìẹ lọ́jọ́ náà. Ó bá ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ osùn, tó ń yọ owó fún adìẹ ogún. Adédọ̀tun, olóko, ń dì wọ́n lẹ́sẹ̀ fún un, ó ń búra pé ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà wọ́n.”

Ọmọbìnrin náà wò ó. “Ta lẹ̀yin? Ọ̀gá ọjà?”

“Ẹ fi ọwọ́ tẹ ìdí egungun àyà rẹ̀ níbí. Bó bá rọ̀ bí etí yín, ọmọdé ni. Èyí le bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Ó ti yé ẹyin títí ó fi sú u. Bí ẹ bá sè é pọ̀ mọ́ ọ̀dọ́ adìẹ, ọ̀dọ́ á ti di òwú, èyí á ṣì máa fi yín rẹ́rìn-ín nínú ìkòkò.”

Ọmọbìnrin náà tẹ ẹ́. Ó tẹ òmíràn. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan etí ara rẹ̀ láti fi wéra, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀. Ridwánù máa ń sọ pé ẹ̀rín yẹn ló gbé òun ṣubú. Igi tí Adédọ̀tun sọ lu òun, òun ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára títí di ọjọ́ kejì.

Wọ́n jọ rìn dé ibùdókọ̀. Lọ́nà ni Toheebat ti tú ọ̀rọ̀ ikùn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí bọ́dà ò ní sùúrù. Bí wọ́n bá béèrè adìẹ kọ́rì, tí Màmá bá bẹ̀rẹ̀ látorí ẹran tútù, wọn á ti dìde kí iná tó ràn. Nítorí náà, Màmá á kó gbogbo adìẹ sínú ìkòkò láàárọ̀, ọ̀dọ́ àti arúgbó, á hó yàà títí, á da omi rẹ̀ nù, á sá ẹran sórí atẹ́.

“Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti gbẹ bí pákò,” ni Toheebat wí. “Awakọ̀ kan fi ta eyín lọ́jọ́ kan. Kò mọ̀ pé ẹran ni.”

Ridwánù dúró sójú títì, ó ká ọwọ́ lé orí. “Ẹ ní wọ́n da omi rẹ̀ nù?”

“Wọ́n dà á nù.”

“Áà! Inú omi yẹn ni adìẹ wà!”

Ó wá ṣàlàyé fún un, tọwọ́tẹsẹ̀. Kí wọ́n gé ẹran ní ìwọ̀n kan náà. Kí wọ́n fi àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, atalẹ̀ pupa àti iyọ̀ sínú omi tó kàn bo ẹran mọ́lẹ̀. Iná jẹ́jẹ́, kí omi máa mí, kó má máa jà. Ogún ìṣẹ́jú tó fún ọ̀dọ́ adìẹ. Arúgbó lọ́tọ̀, wákàtí méjì. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sí nídìí egungun mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹran ṣì di egungun mú bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú lọ́jà, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kó tutù nínú omi ara rẹ̀, kó wọ fìríìjì tòun tomi. Bí oníbàárà bá dé, ata kọ́rì á ti wà nílẹ̀, ẹran á wọ inú rẹ̀, ìgbákọ omi rẹ̀ kan á tẹ̀ lé e. Kí oníbàárà tó fọ ọwọ́ tán, oúnjẹ ti dé.

Àwọn mìíràn ń fi òdòdó tọrọ ìfẹ́. Omi adìẹ ni Ridwánù fi tọrọ tirẹ̀, Toheebat sì gbà. Oṣù méje ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí etí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Toheebat ní bí òun bá ti gbé fóònù sétí, òun ń gbọ́ òórùn atalẹ̀ pupa.

Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọgbọ́n náà fún ìyá rẹ̀. Ìgbà kan tó dán an wò, Alhaja kàn tẹjú mọ́ ọn: “Ta ló kọ́ ẹ?” Toheebat kò sì lè dárúkọ ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí alárinà lọ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Alárinà wá lọ sọ ọ́ báyìí!

*

Ọjọ́rú, Toheebat pè.

“Wọ́n mà ti ń dárúkọ Mùnírù o.”

“Mùnírù wo?”

“Èyí tó ń ra kòkó ní Ìgbógílà, tó ń tọrọ mi. Màmá ní kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ìyẹn nìkan ti tó òun. Wọ́n ní bí irọ́ bá jáde ní Jímọ́ọ̀, àwọn á dá a lóhùn ní Sátidé. Ṣé Ẹ̀gbọ́n Kòkúmọ́ ti wá ṣàlàyé ni? Mi ò rí wọn o.”

Ridwánù pe Kòkúmọ́. Ariwo ọkọ̀ bọ́dà kún inú fóònù.

“Mo ti lọ!” Kòkúmọ́ pariwo. “Mo ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀! Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kó o bọ tìẹ wá láti ilé. Ó ní ọmọ dáadáa ni ẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, Toheebat ní òun ò rí yín.”

“Fèrèsé ni mo gbà wọlé.”

Ridwánù jókòó sórí ìjókòó ìdáná rẹ̀. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ìkòkò lé àyà rẹ̀, á hó. Ṣé kó lọ fúnra rẹ̀? Wọn á ní ọmọkùnrin tí kò ní ẹbí ni. Ṣé kó wá alárinà mìíràn? Ìyá rẹ̀ á ní ó bú òun. Nígbẹ̀yìn ó pinnu: òun á bọ adìẹ òun, òun á gbé e lọ ní gbangba, òun á sì la ẹnu níwájú Alhaja kí òun tó fọwọ́ kan ṣíbí. Bó bá jẹ́ ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló dú adìẹ náà fúnra rẹ̀. Kò tí ì ṣọ́ ìkòkò báyìí rí láyé rẹ̀. Bí omi bá fẹ́ hó jù, á fa igi sẹ́yìn. Bó bá fẹ́ sùn, á tì í wọlé. Nígbà tó sọ̀ ọ́, ẹran náà pupa fòò bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó tutù nínú omi rẹ̀, ó wọ fìríìjì, ó sùn. Ridwánù nìkan ni kò sùn.

*

Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, Kòkúmọ́ fi alùpùpù gbé e dé Ìlárò ní ìwọ̀nba àkókò tí ènìyàn fi ń sín. Kúlà tó gbé adìẹ náà sí wà lórí itan Ridwánù. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, Kòkúmọ́ já a gbà.

“Mú un wá, mo ń gbé e lọ sí kíṣìnì. Ìwọ lọ kí àna ẹ.”

Alhaja ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, awakọ̀ mẹ́rin tó ń lọ sí bọ́dà wà nídìí tábìlì. Àkùkọ pupa kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ga bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì ń wo gbogbo èèyàn bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

“Ẹ gbà,” Alhaja wí. “Mo ti fẹ́ tẹ aago.”

Nígbà náà ló yé Ridwánù. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún obìnrin yìí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́…”

Kòkúmọ́ ti padà dé láti kíṣìnì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. “Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, Alhaja! Ṣùgbọ́n èèwọ̀ iṣẹ́ ni, ojú kan ò gbọdọ̀ wò ó. Ẹ tẹ aago yín!” Ó gbá àkùkọ mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ kejì wọ́ Ridwánù gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ.

Ní ẹ̀yìnkùlé, ó da ọpọ́n ike ńlá bo àkùkọ mọ́lẹ̀, ó gbé òkúta lé e. Ó ti Ridwánù wọ kíṣìnì, ó ṣí kúlà. “Ó yá, mesié. Adìẹ rèé.”

Toheebat wà nídìí ààrò, ata kọ́rì ti ń ta nínú páànù. Ó wo kúlà, ó wo Ridwánù.

“Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?”

“Wọ́n ní àwọn ti sọ.”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

Àwọn méjèèjì yíjú sí Kòkúmọ́, tó ń ka ihò òrùlé.

“Ìṣẹ́jú kan ti lọ o!” ni ohùn Alhaja láti iwájú.

Ọwọ́ Ridwánù ló kọ́kọ́ ronú. Kí orí rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹran ti bọ́ sínú ata, ìgbákọ omi kan ti tẹ̀ lé e, Toheebat ti fẹ́ iná sí i. Èjìká wọn kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan, inú sì bí Ridwánù sí i, pé ohun tó dùn tó báyìí ni òun fi ń parọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ku díẹ̀, ó gbé abọ́ síwájú Alhaja.

Alhaja mú itan kan. Ẹran yọ̀ lára egungun bí aṣọ sílíkì lára ìyàwó. Ó jẹ. Ó tún jẹ. Awakọ̀ kan na ọwọ́ sí abọ́ náà, ó tọ́ ọ wò, ó sì ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Alhaja lá ìka rẹ̀, àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀, gbogbo rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

“Toheebat, gbé àga wá fún ọkọ ẹ.”

Kòkúmọ́ fò sókè bí ẹni tó tẹ iná. Toheebat gbé àga wá. Àga onírin lásán ni, ṣùgbọ́n lójú Ridwánù, tí Toheebat ti sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún, táyà ọmọlanke wà lábẹ́ rẹ̀. Bí òun bá jókòó sórí rẹ̀, ọjọ́ wo ni obìnrin yìí máa rí i lẹ́yìnkùlé? Ó wo Toheebat. Ó wo àga. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

“Màmá, ẹ máà bínú pé mo la ẹnu. Kì í ṣe àkùkọ yín lẹ jẹ. Lánàá ni mo ti bọ èyí nílé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo lò, ìgbóná rẹ̀ nìkan ni. Kò sẹ́dàá tó lè se adìẹ láàyè ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.”

“Irọ́ ni!” Kòkúmọ́ bẹ́ síwájú. “Alhaja, ayọ̀ ló ń gùn ún! Ọwọ́ mi ni mo fi dú u, ọwọ́ mi ni mo fi tu ìyẹ́ rẹ̀, ẹyọ ìyẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì àti mẹ́tàdínlógún! Itan àkùkọ pupa yẹn gan-an lẹ mú dání! Kí n má rí Ìdí-Ìrókò mọ́ bí àkùkọ yẹn bá ṣì wà láyé!”

“Kòkòrókòòòò!”

Ẹ̀yìnkùlé ni ohùn náà ti wá. Òkúta yí gbirigbiri. Lẹ́yìn náà ni ọpọ́n ike ńlá kan yọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìjàpá tó ń lọ kí àna, ẹsẹ̀ pupa méjì lábẹ́ rẹ̀. Ó dé ìdí tábìlì, ó dúró. “Kòkòrókòòòò!”

Alhaja gbé itan náà sókè, ó wò ó.

“Kòkúmọ́.”

“Alhaja.”

“Itan ta ni mo mú dání?”

Kòkúmọ́ ronú gidi. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. “Bóyá… ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Alhaja.”

Alhaja yíjú sí ẹni tó wà nílẹ̀.

“Ìwọ. Ta ló dú èyí tí mo jẹ?”

“Èmi ni, Màmá. Mo ṣe bísímílà.”

“Omi rẹ̀ ńkọ́?”

“Mi ò dà á nù. Ó wà nínú ata tí ẹ jẹ.”

Alhaja wo atẹ́ adìẹ gbígbẹ tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì mi orí. “Ọdún mọ́kànlá,” ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń da omi yẹn sí gọ́tà. Aláǹgbá gọ́tà mi sanra ju awakọ̀ mi lọ.” Ó fi ẹsẹ̀ ti àga náà síwájú. “Dìde. Àga ṣì wà níbẹ̀. Jókòó.”

Ridwánù jókòó. Toheebat fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, a ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

“Ó wá ku alárinà,” Alhaja wí. Ó na ọwọ́, ó sì ṣí ọpọ́n.

Ṣùgbọ́n Kòkúmọ́ ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó ti dé ìdí ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ ológbò. Àkùkọ rí i. Ó rí àkùkọ. Ó gbàgbé pé òun ní alùpùpù, ó fò kọjá tábìlì awakọ̀, ó já sí títì, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àkùkọ pupa lẹ́yìn rẹ̀, ọrùn nínà gbọọrọ. Awakọ̀ méjì dìde láti lé e.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” Alhaja wí, ó sì tún mú itan rẹ̀. “Bí ojú bá ti mọjú, ṣebí alárinà á yẹ̀bá.”

Wọ́n ní eruku rẹ̀ dé Ọ̀jà-Ọ̀dàn ṣáájú ara rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó wà ní bọ́dà ṣí irin ọ̀nà fún un láìbéèrè ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, àkùkọ nìkan ló padà.